Kí ló dé tí géèmù The Elder Scrolls VI fi ń pẹ́ tó báyìí kó tó jáde?
Starfield, géèmù mìíràn tí Bethesda, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, ṣe, ló fà á. Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni Bethesda ti kéde The Elder Scrolls VI, ṣùgbọ́n fídíò tí wọ́n fi hàn kò tó ìṣẹ́jú kan: òkè olókùúta, orin tí gbogbo wa mọ̀, ó tán. Starfield ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́, oṣù kẹsàn-án 2023 nìyẹn sì tó jáde. Láti ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 2011 tí Skyrim, ìkarùn-ún nínú The Elder Scrolls, ti dé, ojú wa ti wà lọ́nà. Ó pẹ́ jù lóòótọ́. Àmọ́ ní oṣù kẹta 2024, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ti ń gbá ẹ̀dà àkọ́kọ́ The Elder Scrolls VI tí kò tíì parí. Ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù.