Ṣé ọlọ́pàá lè yẹ ara ọmọ mi wò ní London nítorí ọ̀bẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, láìgba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ pàápàá, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ní England àti Wales, òfin PACE ti ọdún 1984, èyí tó sọ ibi tí agbára ọlọ́pàá mọ, ní kí ọlọ́pàá ní ìdí gúnmọ́ tó fi fura sí ẹni náà. Àwọ̀ ara nìkan kì í ṣe ìdí.

Abala 60 òfin ọdún 1994 (Criminal Justice and Public Order Act) ló yàtọ̀. Bí inspẹ́kítọ̀ tàbí ọ̀gá tó jù ú lọ bá fọwọ́ sí i pé ìwà ipá lè ṣẹlẹ̀ ládùúgbò kan, wọ́n lè yẹ ẹnikẹ́ni wò níbẹ̀ láìfura sí i, fún wákàtí tó tó 24.

Ní ti ọ̀bẹ fúnra rẹ̀, èyí tó ṣeé ká, tí ojú rẹ̀ kò ju ínṣì 3 lọ, tí kì í sì í tì pa bí wọ́n bá ṣí i, kò burú, àfi bó bá fẹ́ fi ṣe èèyàn léṣe. Ẹni tó bá mú irú ọ̀bẹ mìíràn rìn gbọ́dọ̀ ní ìdí tó dáa, bíi ti kúkù tó ń lọ síbi iṣẹ́. "Mo fi ń dáàbò bo ara mi" kì í sábà gba èèyàn sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kó sí wàhálà. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 4.

Bí wọ́n bá dá a dúró, ẹ sọ fún un pé kó má jà. Kó béèrè ìdí àti àgọ́ tí ọlọ́pàá náà ti wá. Ní gbangba, wọn kò lè ní kó bọ́ ju kóòtù, jákẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́ lọ. Ó lè gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí ọlọ́pàá ṣe nípa bí wọ́n ṣe yẹ ara rẹ̀ wò láàárín oṣù 3.