Orúkọ ta ni owó ọmọ tó ń ṣeré wà?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, màmá. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ti ṣe fíìmù kan, olóòtú tún ní kó wá ṣe èkejì, ẹ wá ń bèèrè bóyá kó lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín.

Ọmọ ọdún 8 ni mo jẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi síwájú kámẹ́rà n'Íbàdàn. Kí n tó pé 13, fíìmù tí mo ti ṣe ti pé 11. Tí a bá dé ọjà Dùgbẹ̀, orúkọ tí mo jẹ́ nínú eré ni wọ́n fi ń pè mí, ìyá aláta á sì fi ẹ̀ní sí ọjà ìyá mi nítorí mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Àmọ́ mo rántí òru ọjọ́ kan ní lókéṣọ̀n, ibi tí a ti ń ya fíìmù, aago méjì ti kọjá, omijé ò sì jáde lójú mi mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n fi róòbù pa mí lábẹ́ ojú. Ó wọ inú ẹyinjú. Mo ké tòótọ́, wọ́n yà á, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ìyá mi náà bá wọn pàtẹ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè sọ fún wọn pé ó ti tó. Ìdánwò ìṣirò ń dúró dè mí láàárọ̀.

Nígbà tó yá, ohùn mi nípọn, irun imú hù. Mi ò kéré tó ọmọ mọ́, mi ò sì tíì tó ẹni tí wọ́n á fún níyàwó nínú eré. Bí wọn ò ṣe wá kanlẹ̀kùn wa mọ́ nìyẹn. Ìgbà tí mo fẹ́ wọ Pólì ni mo bèèrè owó mi. Ọwọ́ bàbá mi ni wọ́n ń san án sí, láìsí ìwé kankan, a sì ti fi kan òrùlé. Mi ò bínú sí bàbá mi, abẹ́ òrùlé yẹn náà ni mo ń sùn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Jackie Coogan l'Amẹ́ríkà. Ọmọdé ni nígbà tó bá Charlie Chaplin, aláwàdà inú fíìmù, ṣeré ní 1921, ó di olókìkí káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ní 1938 ó ní láti pe ìyá rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́ torí wọ́n ti ná owó náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló bí òfin tí California ṣe ní 1939. Lónìí níbẹ̀, ìdá 15 nínú 100 owó ọmọ gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì tẹ́nikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn títí tó fi máa pé 18. Àwa náà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, àmọ́ ẹ má dúró dè é kí ẹ tó ṣí àkáǹtì lórúkọ ọmọ yín.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní lókéṣọ̀n báyìí, mo sì ń rí àwọn ọmọ tó ń tòògbé lórí àpò aṣọ eré. Ẹ gba ìwé kó tó lọ: iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, aago tí wọ́n máa dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ bá a lọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dá olóòtú lóhùn, ẹ pe ọmọ náà sí yàrá, ẹ bi í bóyá ó wù ú. Tó bá ní ó ti rẹ òun, ẹ dákun, ẹ gbà á gbọ́.