Ṣé ECOWAS yóò tú ká? Ìdáhùn ẹni tí ó ti ń ná ọ̀nà Èjìgbò sí Abidjan láti ọdún 1994

Àbúrò wa tí ó béèrè bóyá ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, yóò tú ká nígbà tí Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r ti jáde, tí ẹ sì ń rò ó bóyá ó ṣì yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òwò lójú ọ̀nà Abidjan ní Côte d'Ivoire, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn láti inú ohun tí ojú mi ti rí. Ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Ọdún 1994, tí wọ́n gé iye owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Abidjan sí ìdajì, ni mo kọ́kọ́ bá ìyá mi kó ọṣẹ, ìpara àti àwo oníke lọ sí Abidjan. Ẹni tí ó bá mọ ìlú wa yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe àjò lójú wa, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa sí, Faransé sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Bí ọkọ̀ wa bá gbéra, Seme ni a ó gbà wọ Bẹ̀nẹ̀, a ó gba Hillacondji wọ Tógò, a ó gba Aflao wọ Gánà, kí a tó gba Elubo wọ Côte d'Ivoire. Ẹnubodè mẹ́rin ni, owó oríṣi mẹ́ta sì ni a ó ná kí a tó débẹ̀: náírà, sẹ́fà àti sídì. (Owó kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Eco, èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá ọdún 2003 fún, ni wọ́n tún ti sún sí ọdún 2027.) Àdéhùn tí àwọn olórí fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Òótọ́ ni pé n kò gba físà rí.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2006, ní ẹnubodè kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀gá kan gba ìwé ìrìnnà mi àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó yẹ̀ wọ́n wò, kò rí àbùkù kankan, síbẹ̀ ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí, ó ní kí n mú 5,000 sẹ́fà wá. Mo kọ̀, nítorí mo gbà pé ẹ̀tọ́ mi ni. Ọkọ̀ fi mí sílẹ̀, mo sùn sórí ẹrù mi fún alẹ́ méjì, oòrùn yọ́ ìpara tí mo rà, ní ọjọ́ kẹta mo sì san ìlọ́po méjì ohun tí mo kọ́kọ́ kọ̀. Èyí tí ó dùn mí jùlọ ni pé obìnrin kan nínú ọkọ̀ wa, tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ti san tirẹ̀, ó sì kọjá kí n tó parí àlàyé. Nígbà tí ẹni tí ó ní ìwé àti ẹni tí kò ní bá jọ ń san owó kan náà, ta ni yóò wá ìwé mọ́?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àjọ àwọn ààrẹ ni ECOWAS, kò tíì di ti àwa ará ọjà, ibẹ̀ sì ni àìlera rẹ̀ wà. Ẹ wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò nílẹ̀, ọ̀pọ̀ bàbá wa sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, kí aládùúgbò má baà tún máa lé aládùúgbò, ni àwọn àgbà wa rò. Síbẹ̀, ní oṣù Kínní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, tí ọmọ Gánà pọ̀ jù nínú wọn, báàgì alápótí-alápótí tí wọ́n fi kó ẹrù ni a sì ń pè ní Ghana-must-go títí di òní. Àdéhùn ọdún 1979 kò gbà wọ́n, nítorí ẹ̀tọ́ wíwọlé nìkan ni ó ti fìdí múlẹ̀; ẹ̀tọ́ gbígbé ìlú kò dé títí di ọdún 1986.

Ọ̀rọ̀ Nìjẹ̀r kò yàtọ̀. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olórí pàdé ní Àbújá, wọ́n ti ẹnubodè pa, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ogun, bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà gé iná mànàmáná tí ó ń lọ síbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sílẹ̀ ní Malanville, ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ àti Nìjẹ̀r létí Odò Ọya, oúnjẹ àti oògùn sì wọ́n ní Niamey. Ebi kò pa àwọn ológun. Tálákà ni ó pa. N kò fara mọ́ ìfipágbàjọba rárá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rántí pé nígbà tí Alpha Condé, ààrẹ Gínì nígbà náà, yí òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ padà ní ọdún 2020 kí ó lè ṣe sáà kẹta, ECOWAS kò ti ẹnubodè kankan pa. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé ìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, ọ̀rọ̀ ti bọ́: orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kéde pé àwọn ń lọ. Nígbà tí wọ́n sì lọ ní oṣù Kínní ọdún 2025, ìlù àti ayọ̀ ni wọ́n fi yọ síta ní Niamey.

Ní tèmi, n kò rò pé yóò tú ká, nítorí orílẹ̀-èdè 12 ṣì kù, Mauriténíà náà sì ti jáde rí ní ọdún 2000, àjọ náà kò sì tú ká. Ọ̀nà Abidjan kò kan àwọn mẹ́ta tí ó lọ, nítorí náà ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kó ọjà lọ sí Niamey ni kí ó ṣọ́ra: ECOWAS ṣì ní kí a máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà wọlé, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ọdún 2025 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi owó orí 0.5% lé ọjà tí ó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa wọlé. Ẹ gba ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ kí ẹ tó ra ọjà, ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá rà, ẹ má sì dá nìkan rin ìrìn àkọ́kọ́. Ẹ bá àwọn tí wọ́n mọ ọ̀nà wọ ọkọ̀ láti Èjìgbò.