Ibo ni kí n mú àwọn ọmọ lọ kí wọ́n lè fojú rí ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń kọ́ ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, orúkọ àti ọdún lásán ni wọ́n ń há sórí, tí ìdánwò bá ti parí ó tán nìyẹn. Họ́lídè ti ń bọ̀, mo fẹ́ mú wọn lọ wo àwọn ilé àtijọ́ ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ jù, mi ò mọ èyí tí mo máa mú. Ibo lẹ rò pé ká ti bẹ̀rẹ̀?
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Peckham

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ ká fi Tower of London sílẹ̀ ná, Canterbury ni kẹ́ ẹ mú wọn lọ. Tẹ́ ẹ bá wọ rélùwéè ní St Pancras, bíi wákàtí kan lẹ ti débẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba inú kàtídírà lọ tààrà.

Ẹ má kó ìtàn gbogbo ọba lé wọn lórí, èèyàn kan ni kẹ́ ẹ mú, Thomas Becket. Ọ̀rẹ́ Ọba Henry Kejì ni, òun ló ń bá ọba ṣàkóso ìlú, nígbà tó di 1162 ọba fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury torí ó rò pé ọ̀rẹ́ òun á máa ṣe tòun, àmọ́ bí Becket ṣe dórí oyè báyìí ló yí padà, ó ní àlùfáà tó bá ṣẹ̀, kóòtù ìjọ ló máa dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ti ọba. Ìjà dé. Ó sá lọ sí Faransé, ó lò tó ọdún mẹ́fà lọ́hùn-ún, kò sì tíì pé oṣù kan tó padà dé tí jagunjagun mẹ́rin látọ̀dọ̀ ọba fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fi idà pa á síbẹ̀, 29 oṣù Kejìlá 1170. Wọ́n gbé idà irin kọ́ sára ògiri níbi tí wọ́n pa á sí, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ dúró níbẹ̀ dáadáa. Lọ́dún 1174 ọba fúnra ẹ̀ fẹsẹ̀ lásán rìn wọ̀lú yẹn, ó wólẹ̀ níbi sàréè ọ̀rẹ́ ẹ̀, àwọn mọ́ńkì sì nà án ní pàṣán. Odindi ọba o! Látìgbà tí wọ́n ti pa Becket làwọn èèyàn ti ń rọ́ wá gbàdúrà níbẹ̀, débi pé àwọn àtẹ̀gùn òkúta ibẹ̀ ti jẹ wọnú, títí Henry Kẹjọ fi ní kí wọ́n wó ojúbọ náà ní 1538. Àbẹ́là kan ló ń jó níbẹ̀ báyìí.

Ẹ má tíì jáde o, ibi tó kàn wá gan-an ló kù. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 29 oṣù Kẹfà 1864, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa jẹ bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà. Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ́dún 1822, wà níjókòó lọ́jọ́ náà. Ó máa ń dùn mí gan-an pé ọmọ wa á dàgbà sí London láì gbọ́ èyí rí, torí náà ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Tí ọjọ́ bá tún wà, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, ibẹ̀ ni Àìná, tí wọ́n ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yewa tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́, ti ṣègbéyàwó ní 1862.

Kàtídírà Canterbury máa ń gbowó ìwọlé, ṣùgbọ́n ìsìn ìrọ̀lẹ́ ò gbowó. Ẹ yẹ wẹ́ẹ̀bù wọn wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí wọ́n máa ń ti apá ibì kan nígbà míì.