Èsì: Ọkọ̀ òfurufú bíi ti sinimá ní Kàbbà

Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ bèèrè bóyá àwọn ọ̀dọ́ Kàbbà lè para pọ̀ kọ́ ọkọ̀ òfurufú bíi ti sinimá láìsí owó ńlá. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ inú fíìmù Star Wars ní 1977 pàápàá, ṣebí ike ọkọ̀ ogun ìṣeré tó wà lọ́jà ni wọ́n rà, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ wẹ́wẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ wọn. Róbọ́ọ̀tì inú Metropolis, fíìmù Jámánì ti 1927, tó ń dán bí irin yẹn, kì í ṣe irin rárá. Ohun rírọ̀ kan tó máa ń le bí igi tó bá gbẹ ni, ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó.

Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe egungun ọkọ̀ náà kẹ́ ẹ tó pe èrò. Kí adúgbò kọ̀ọ̀kan wá gba apá tirẹ̀, kó mú kẹ́ẹ̀gì, ìdérí ìkòkò àti inú rédíò tó ti kú wá. (Ẹ má gba bátìrì o, omi inú rẹ̀ ń bó ara.) Wọ́n á jà lórí apá ta ló hàn jù, ìyẹn ò ṣeé yẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí oníkálùkù mú ọ̀dà tirẹ̀ wá. Àwọ̀ eérú kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi kun gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ fi èédú pa àwọn kọ̀rọ̀: kò sẹ́ni tó máa rí kẹ́ẹ̀gì mọ́.