Ara Dá, Síbẹ̀ Wọ́n Ń Gba Ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Agbẹ̀bí. Oyún ìyàwó mi ti pé ọ̀sẹ̀ 33. Nígbà tó lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 150/100, wọ́n rí purotéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù. Òun ní ara òun dá, ìfúnpá náà kò sì lọ sókè mọ́, àmọ́ wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì, owó sì ń lọ. Kí ni wọ́n ń wá? Ṣé wọ́n lè mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí òun àti ọmọ? Bàbá tó ń retí, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, bàbá. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ìṣirò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn dókítà náà ń ṣe, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ, èyí tó ń sọ ti ìyá kì í sì fi bẹ́ẹ̀ sọ ti ọmọ.

Preeclampsia tó ń ṣe ìyàwó yín, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń yọjú lẹ́yìn tí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfúnpá nìkan. Láti ara ibi ọmọ ni wàhálà ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó sì lè máa ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jà nígbà tí obìnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. Lọ́dún 2011, àwọn oníwádìí gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó ń jẹ́ fullPIERS, tí wọ́n fi ń díwọ̀n ewu tó lè bá ìyá láàárín wákàtí 48. Ohun mẹ́fà ló ń wò: iye ọ̀sẹ̀ oyún, bóyá àyà ń dun aboyún tàbí kò rí èémí mí dáadáa, ìwọ̀n ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, iye platelet tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, creatinine tó ń sọ ipò kíndìnrín, àti AST tó ń sọ ti ẹ̀dọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìfúnpá kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni purotéènì inú ìtọ̀ kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé kí a fojú di ìfúnpá o, nítorí bó bá dé 160/110, kíá ni a gbọ́dọ̀ fi oògùn fà á wálẹ̀ kí iṣan má baà bẹ́ nínú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n pé ó dúró sójú kan kò fi hàn pé inú ara náà dúró sójú kan. Èsì ọjọ́ Ajé kò sì lè jẹ́rìí ọjọ́ Ẹtì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbà á léraléra.

Níbi tí kò sí yàrá àyẹ̀wò, òṣùwọ̀n mìíràn, miniPIERS ti ọdún 2014, ń lo ohun tí agbẹ̀bí lè fi ẹnu béèrè tàbí kó wọ̀n lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi ìyàwó yín pé ṣé ara dá; “ara dá” ni gbogbo wa máa ń dáhùn. Ẹ bi í bóyá orí ń fọ́ ọ, bóyá ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì tàbí ìmọ́lẹ̀ ń ta pẹ́pẹ́ níwájú rẹ̀, bóyá ó ń mí hẹlẹ, bóyá abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ún. Bó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan ṣoṣo, ẹ pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti ọmọ, iye ọ̀sẹ̀ ló lágbára jù. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lò sí i nínú ń ran ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ibi ọmọ tó ń ṣàìsàn lè má bọ́ ọ yó mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ wo bó ṣe ń dàgbà àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú okùn ìwọ́ rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró dáadáa, wọ́n lè mú un dé ọ̀sẹ̀ 37. Bí kò bá dúró, wọn yóò gbà á jáde ṣáájú.

Lẹ́yìn ìbímọ, gìrì ṣì lè mú ìyá. Bí ìyá àti ọmọ bá ti wà nílé, kí wọ́n wọn ìfúnpá ìyá láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí àlejò tó dé.