Ta ló láṣẹ lórí oyè másítà àti Ph.D. ní Yunifásítì Ìlọrin: ẹ̀ka ni àbí Sẹ́nétì?

Sẹ́nétì ni, ìyẹn ìgbìmọ̀ àgbà tó ń darí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Ẹ̀ka yín ló ń kọ́ yín, ibẹ̀ náà lẹ ti ń rí alábòójútó, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti fi oyè dá ẹnikẹ́ni lọ́lá.

Nígbà tí wọ́n dá ilé ìwé náà sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1975, kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni. (Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti gba ọ̀nà yẹn kọjá: abẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló wà láti 1948 títí di 1962.) Oṣù kẹwàá 1977 ni Ìlọrin dá dúró, tí Sẹ́nétì tirẹ̀ sì ń fọwọ́ sí oyè.

Lónìí, iṣẹ́ ìwádìí yín á gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka àti ti fákọ́tì, á dé Postgraduate School (ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀kọ́ másítà àti Ph.D.) tí díìnì ń darí, kó tó kan Sẹ́nétì. NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, l'Abújá kì í fúnni ní oyè. Àwọn ló ń yẹ ẹ̀kọ́ wò bóyá ó kún ojú òṣùwọ̀n.

Fún Ph.D., olùdánwò kan nínú ìdánwò ẹnu gbọ́dọ̀ ti yunifásítì mìíràn wá. Lójú tèmi, àtúnṣe lẹ́yìn ìdánwò ẹnu yẹn ló ń fi àkókò ṣòfò jù: ẹ tún àlàfo etí ìwé ṣe, ẹ tún àkójọ ìwé ìtọ́kasí tò, ẹ lọ dúró de ìbuwọ́lù. Ẹ má sáré gbé iṣẹ́ náà lọ fún àwọn tó ń di ìwé ní Tanke, àdúgbò kan ní Ìlọrin, kí gbogbo àwọn tó yẹ tó buwọ́ lù ú o. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa sanwó.